Rọ́bà Tó Ń Tì, Rọ́bà Tó Ń Fà

Nínú fídíò náà, ọwọ́ aago gbéra kúrò lórí òdo. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó kọjá mẹ́wàá, ó dé orí méjìdínlógún, ó wá dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ohùn ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ta ló ní tọ́bò ọkọ̀ yìí ti kú?" Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kẹrin kó tó dá fóònù náà padà fún ẹni tó mú un wá.

"Ìyàwó, ọjọ́ wo lẹ ya eléyìí?"

"Ọjọ́bọ̀, mà. Ọjọ́ tí wọ́n fi aago náà sínú ọkọ̀ gan-an." Opó náà fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú fóònù bí ẹni pé ó dọ̀tí. "Ó ní kí n jókòó ti òun, kí n máa yà á bí òun ṣe ń gun òkè. Inú ẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Mi ò mọ̀ bóyá ó wúlò fún yín. Mo kàn ń wá ibi tí mo ti lè gbọ́ ohùn ẹ̀ ni, mo bá rí i."

"Ó wúlò," Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. Kò sọ bó ṣe wúlò tó, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò lórí rẹ̀ ni.

Ọkọ obìnrin yìí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Olókè, ló ń fi píkọ́ọ̀pù kó òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lórí òkè wá sísàlẹ̀ ìlú. Ọkọ̀ náà ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára láti ru ẹrù. Ó ra aago kan tó ń fi agbára tọ́bò hàn, ó ní kí mẹkáníìkì bá òun fi í síwájú àga awakọ̀. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, bíréékì kọ̀. Ọkọ̀ yà kúrò lọ́nà níbi kọ́nà kẹta, ó lọ forí sọ ògiri. Kí wọ́n tó fà á yọ, ẹ̀mí ti bọ́.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí i pé ara rọ́bà bíréékì ni wọ́n so aago tuntun náà mọ́, ojú ibi tí wọ́n so ó sí sì ti já. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi mú mẹkáníìkì tó ṣe iṣẹ́ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Fẹ́lẹ́. Bàbá Olókè fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀sùn. Ọjọ́ kejìlá rèé tí Fẹ́lẹ́ ti wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́.

*

Ọ̀gá àgọ́ ń pa ẹ̀pà jẹ nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé.

"Má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ Fẹ́lẹ́ lo bá wá. Ẹjọ́ yẹn ti jiná, ó ku ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ó ku iyọ̀, ọ̀gá." Ó jókòó láìdúró kí wọ́n ní kó jókòó. "Ìyàwó Olókè ya fídíò aago yẹn lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n fi í sínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọwọ́ aago náà sókè. Rọ́bà ara tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá so aago mọ́ ọn, ọwọ́ á gòkè. Rọ́bà bíréékì ò ní ohun tó fẹ́ẹ́ tì. Fífà ló ń fà. Ìfà yẹn ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ kí bíréékì má le bí òkúta. Tí ẹ bá so aago mọ́ ìyẹn, ọwọ́ ẹ̀ ò ní kúrò lórí òdo títí ọkọ̀ á fi jẹrà."

Ọ̀gá gbé ẹ̀pà sílẹ̀. "Ó sì gòkè nínú fídíò."

"Ó dé méjìdínlógún. Ibi tó yẹ ni Fẹ́lẹ́ so ó sí lọ́jọ́bọ̀. Ẹnìkan ló lọ tú u lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó gbé e lọ sórí bíréékì."

"Fẹ́lẹ́ náà lè padà lọ tú u."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"O ní títí di àárọ̀ ọ̀la," ọ̀gá wí, ó sì gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìwé. "Tí o ò bá mú orúkọ míì dé, èyí tó wà ńlẹ̀ la máa gbé lọ."

*

Ohun tó kù nínú píkọ́ọ̀pù náà wà lẹ́yìn àgọ́, wọ́n fi tapólì bò ó. Iwájú rẹ̀ ti wọ inú ara, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹ́ńjìnnì ṣì hàn kedere. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ aago náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Láti ẹ̀yìn aago, ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín kan gba inú ihò kan kọjá lára irin tó pín awakọ̀ níyà kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó lu ihò náà fi òrùka rọ́bà sí i létí, kí irin má baà máa jẹ ẹ́. Ó fà á gba ibi tó jìnnà sí iná sálẹ́ńsà. Gbogbo ibi tó ti yẹ kó dè é ló fi kílípù oníbóòtù dè é.

Iṣẹ́ ẹni tí kì í kánjú nìyẹn.

Ó wá dé ibi rọ́bà tọ́bò, níbi tó yẹ kí aago ti máa gba afẹ́fẹ́. Wọ́n ti yọ ọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fi irin kúkúrú kan so ojú ibi tí wọ́n gé padà, wọn ò sì lo kílípù. Wáyà bàbà ni wọ́n fi dè é, ìyípo mẹ́ta, wọ́n wá ká ẹnu wáyà náà wọnú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kó má baà gún ẹni tó máa fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ iwájú. Irú ìdè kan náà ló wà lára rọ́bà bíréékì, àfi pé ẹ̀gbẹ́ kan níbẹ̀ kò fún. Wáyà ti yọ̀ kúrò lójú rọ́bà. Ibẹ̀ ló ti já.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọdún méje ló fi rán aṣọ kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí èèyàn ṣe ń ta kókó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń kọ̀wé. Ọwọ́ kan kì í jọ ọwọ́ kejì. Ọwọ́ méjì ló kan ọkọ̀ yìí. Ó ya fọ́tò wáyà náà.

*

Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló fún un ní orúkọ àkọ́kọ́. Ó ní lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Olókè lọ gba ìwé ẹrù, òun rí awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sáré tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Olókè, tó ń yọjú sínú. Ó ti tó ọdún kan tí Sáré àti Olókè ò ti kí ara wọn dáadáa, nítorí oníbàárà kan tí ọ̀kan gbà mọ́ èkejì lọ́wọ́.

Àyà Abẹ́rẹ́ fúyẹ́ díẹ̀. Ó bá Sáré lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró de ẹrù.

"Kí lò ń wá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọlọ́kọ̀?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó lójú."

Sáré wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárì. "Ìlara ni, mà."

"Ṣàlàyé ìlara náà fún mi."

"Ó ní aago, èmi ò ní. Gbogbo ọjọ́ yẹn kò jẹ́ ká rímú mí. Ó ní ọkọ̀ òun ti ń sún mọ́ ogún, tiwa ò lè rí mẹ́wàá. Mo ní kí n wo bí wọ́n ṣe so ó, kí n lè lọ so tèmi. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀."

"Fọ́tò dà?"

Ó wà lórí fóònù rẹ̀, pẹ̀lú àkókò tó yà á: Ọjọ́ Ẹtì, ogójì ìṣẹ́jú kọjá aago kan ọ̀sán. Ó hàn kedere níbẹ̀ pé ara rọ́bà tọ́bò ni ọ̀pá aago wà, kílípù tuntun sì ń dán lọ́rùn rẹ̀.

"Nígbà tó kúrò níbí, ibo ló gbà?"

"Ilé tààrà ni. Ó ní oorun ń kun òun." Sáré ń fi èékánná ha ara sítíárì. "Mà, mo ṣépè fún un lọ́jọ́ yẹn. Nínú ọkàn mi. Mo ní kí aago náà bàjẹ́. Aago nìkan ni mo sọ."

Abẹ́rẹ́ dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ìbá rọrùn ká ní Sáré ni. Tó bá jẹ́ ọ̀tá ló pa èèyàn, ó kéré tán, ará ilé á lè sùn. Ṣùgbọ́n fọ́tò yìí ti ti ilẹ̀kùn kan, ó sì ti ṣí òmíràn. Ní ogójì ìṣẹ́jú kọjá aago kan lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo nǹkan ṣì wà bó ṣe yẹ. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí Fẹ́lẹ́ ṣe sọ fún àwọn ọlọ́pàá lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, Olókè pè é lórí fóònù pé ọwọ́ aago kò dìde mọ́. Láàárín àsìkò méjèèjì, ilé Olókè nìkan ni ọkọ̀ náà dúró sí.

*

Wọ́n mú Fẹ́lẹ́ jáde wá sínú yàrá kékeré tó ní tábìlì kan àti bẹ́ǹṣì méjì. Irùngbọ̀n ti bò ó lójú.

"Olókè pè ọ́ láàárọ̀ Àbámẹ́ta," Abẹ́rẹ́ wí.

"Ó pè mí, mà. Mo ní tó bá já ẹrù tán kó yà sọ́dọ̀ mi. Ká ní mo sọ pé kó wá lójú ẹsẹ̀..."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Mo ní fídíò, mo ní fọ́tò. Wo eléyìí kí o sọ fún mi, ta ló máa ń de rọ́bà báyìí?"

Ó na fọ́tò wáyà bàbà náà sí i. Fẹ́lẹ́ gbé e sún mọ́jú. Ó wò ó pẹ́. Ó rọra dà á dé sórí tábìlì.

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo so ó. Mo padà lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, mo ṣe àṣìṣe. Ẹ kọ ọ́, màá tẹ̀ka sí i."

"Ọjọ́ mọ́kànlá lo fi búra pé o ò mọ nǹkan kan."

"Irọ́ ni mo pa."

"Kílípù mélòó lo lò lára ọkọ̀ yẹn?"

"Méje."

"Wáyà bàbà ńkọ́? Ìgbà wo lo fi wáyà de rọ́bà kẹ́yìn?"

Fẹ́lẹ́ yí ojú sí ògiri.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, Fẹ́lẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo lè béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìwọ ni mò ń bi."

Ó gbé orí sáàárín ọwọ́ méjèèjì. "Bàbá Sípánà. Bàbá Olókè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n mú mi sọ́dọ̀. Abọ́ kan náà ni èmi àti Olókè jọ ń jẹun nínú ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ká ká ẹnu wáyà wọnú, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa náà lọ́wọ́." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ó kàn ń lọ sílẹ̀. "Mà, ojú wọn ti ń lọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n ti sin ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ẹ má fi èyí kún un. Èmi ò láya, mi ò bímọ. Ẹ jẹ́ kí n rù ú."

"Àwọn ló tẹ̀ka sí ìwé tó gbé ọ wá síbí."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rù ú, mà."

Abẹ́rẹ́ kó fọ́tò rẹ̀. Ó wù ú kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

*

Bàbá Sípánà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, agolo bóòtù àlòkù kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò wọn ojú wọn, ó ń tò wọ́n sórí ẹní, ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì.

"Ta nìyẹn?"

"Abẹ́rẹ́ ni, láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ọ̀la ni ẹjọ́, àbí?" Ó mú bóòtù mìíràn. "Mo kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa wo iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́ ọ dáadáa."

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Mo fọwọ́ kàn án." Kò lọ́ra rárá. "Ìyàwó ló wá bá mi. Ó ní láti ìgbà tí aago yẹn ti dé, ọkọ òun ò sáré nítorí ẹrù mọ́, ọwọ́ aago ló ń lé. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní kí n bá òun mú ọwọ́ náà wálẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógójì, ta ló fẹ́ẹ́ pàṣẹ fún un? Mo dúró títí ó fi sùn lọ́sàn-án. Mo yọ ọ̀pá aago kúrò lára tọ́bò, mo so tọ́bò padà. Ìyẹn ò lè jò. Mo dè é dáadáa."

"Ẹnu ọ̀pá aago náà ńkọ́? Ṣé ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá o. Tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rí i pé ó já, á so ó padà lójú ẹsẹ̀. Mo so ó mọ́ rọ́bà míì, kó dà bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó rò pé aago náà ló bàjẹ́, kó sú u, kó gbàgbé ẹ̀."

"Rọ́bà wo, Bàbá?"

"Èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ooru jáde. Kò séwu níbẹ̀."

"Ẹ rí i?"

"Mo fọwọ́ wá a." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń darí rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí kò sí níbẹ̀. "Tọ́bò nìyí. Mo wá sí apá òsì. Mo kọjá bátìrì. Mo bá rọ́bà kan, ó nípọn, ó tutù. Mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn, ó lọ sí ara irin, ó lọ sídìí..."

Ọwọ́ náà dúró nínú afẹ́fẹ́.

Nínú ilé, ẹnìkan ń fi omi ṣan àwo.

"Èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí kì í tutù," Bàbá Sípánà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sídìí bíréékì ló lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn bóòtù tó ti tò padà sínú agolo, ńlá àti kékeré pọ̀. Ó kó gbogbo wọn tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n kàn sọ fún mi pé iṣẹ́ aago ló pa á. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bíréékì. Èmi náà ò béèrè."

Omi tí wọ́n fi ń ṣan àwo ti dákẹ́. Opó náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Abẹ́rẹ́ ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é," ó wí fún Abẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni."

"Dákẹ́," Bàbá Sípánà wí.

"Èmi ni mo wá bẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ ní ká fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀."

"Mo ní kí o dákẹ́. Lọ bá mi gbé bàtà mi wá."

Nínú ẹjọ́ mìíràn, ibi tí àyà Abẹ́rẹ́ ti máa ń balẹ̀ nìyí, nígbà tí kókó bá tú. Ní báyìí, ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo obìnrin náà tó ń wá bàtà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí kò rí i.

"Bàbá, ẹ lè wá lọ́la. Kò pọn dandan kó jẹ́ òní."

"Òní ni," bàbá wí. "Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ tún sùn síbẹ̀ nítorí mi."

*

Ọ̀gá àgọ́ ka ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Bàbá Sípánà sí lẹ́ẹ̀mejì. "Kí la máa pe eléyìí?"

"Òfin ní orúkọ tó máa pè é."

"Bàbá arúgbó tí kò ríran."

"Òfin ò béèrè ìyẹn, ọ̀gá. Ẹ̀mí ló béèrè."

Wọ́n mú Fẹ́lẹ́ jáde. Wọ́n kó bẹ́líìtì àti okùn bàtà rẹ̀ fún un, wọ́n ní kó máa lọ. Kò sí ibi kan pàtó tó fẹ́ẹ́ lọ. Láti ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti mú un ni onílé ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé sí. Bó ṣe dé iwájú káńtà, tó rí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá Sípánà gbọ́ ìró ara nílẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

Bàbá na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí rẹ̀. Kò dé ibẹ̀. Ó fà á padà.

"Dìde. Má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́."

Fẹ́lẹ́ ò dìde. Opó náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wo ọ̀kankan nínú wọn.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni. Kò mọ ohunkóhun nípa ẹjọ́ náà. Ó ṣí ìwé ńlá, ó fi ọ̀wọ̀ bá àgbàlagbà náà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni mọ̀lẹ́bí yín tó sún mọ́ yín jù, tí a lè pè?"

Bàbá Sípánà ò ronú sí i. Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe Olókè tí ìgboro ń pè é ló sọ, bí kò ṣe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sílẹ̀ kí Abẹ́rẹ́ tó lè na ọwọ́ dá a dúró.

"Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ńkọ́, sà?"

Bàbá kà á fún un látorí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ṣì í síbì kankan.